Iná Méjì Létí Odò Neretva

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ bí ohùn mi ṣe rí, kí n tó sọ bí mo ṣe fẹ́ Almasa. Bí mo bá dúró létí títì tí mo ké "àgbàdo gbígbóná", ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Mostar á ti tẹ búréèkì kó tó rí mi rárá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé sọ pé òun ti kọjá wa, òun ti wọ inú ihò abẹ́ òkè, ohùn mi ṣì ń lé òun bọ̀ nínú òkùnkùn, ni òun bá yí ọkọ̀ padà wá ra àgbàdo. Ìyá mi ní irọ́ ni mo ń pa, pé fìlà ni ọkùnrin náà gbàgbé sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ fi Màmá sílẹ̀. Ó sáà ra àgbàdo.

Hajrija lorúkọ ìyá mi, Rifat lorúkọ tèmi. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, Màmá gbé tábìlì kan sábẹ́ igi ńlá tó wà níwájú ilé wa, òun ń sun àgbàdo, èmi ń pariwo. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pita. Á na ìyẹ̀fun títí á fi fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè ti inú ẹ̀ wo ojú ọ̀run, á di wàràkàṣì tàbí ọ̀dùnkún sí i, á ká a rúgúdú sínú àwo irin bí ejò tó ń sùn. Á wá gbé ọmọrí irin dé e, á kó ẹyín iná lé ọmọrí náà lórí. Ìtasánsán ẹ̀ nìkan lè jí òkú dìde. Tábìlì kan di mẹ́ta, a kan páànù sókè, a kan bẹ́ǹṣì sísàlẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ilẹ̀ Bosnia ló ti jókòó níwájú ilé wa. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn tó kù ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú. Oníbàárà á jẹ pita tán, á nu ẹnu, á wá bèèrè pé, "Ẹran ńkọ́?" Màmá á nawọ́ sí ìsàlẹ̀ títì, á ní, "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Edhem."

Bàbá Edhem ló ń sun ọ̀dọ́ àgùntàn ní kọ́nà odò. Omi kékeré kan ń ṣàn láti orí òkè gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀. Bàbá náà fi pákó lanà fún omi yìí, omi ń lu kẹ̀kẹ́ onígi, kẹ̀kẹ́ ń yí àwọn irin gígùn, odindi ọ̀dọ́ àgùntàn tó wà lára irin kọ̀ọ̀kan sì ń yí jẹ́jẹ́ lórí ẹyín iná láti àárọ̀ títí yóò fi jinná. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Omi ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, Edhem ń gba ọpẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo ní kí n lọ wo ohun tí wọ́n fi ń kó oníbàárà wa lọ. Ọmọbìnrin kan ni mo bá nídìí iná, ó fi gèlè kékeré wé irun sẹ́yìn, ó ń fi igi gígùn to ẹyín iná. Kò tiẹ̀ wojú mi.

"Ìwọ ni ọmọ Hajrija," ó ní.

"Èmi ni. Ta ló júwe mi fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó júwe ẹ. Ohùn ẹ ti ń wọlé wa láti ọdún tó kọjá. Màálù wa ò fẹ́ fún wa ní wàrà mọ́."

"Ohùn mi kọ́. Èéfín yín ni."

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá wo bí ẹ ṣe ń yí ẹran ni. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi yí i, á yára ju omi yín lọ."

Ó wá gbójú sókè. Ojú náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. "Tó bá yára, ìta á jó, inú ò ní jinná," ó ní. "Bíi tìẹ."

Mo ti bá ọlọ́pàá ojú títì jà lẹ́nu, ó bẹ̀ mí. Mo ti bá lèmọ́mù jiyàn, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo padà sílé tí n kò rí èsì fọ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó ní ṣé eyín ló ń dùn mí ni àbí kí ló dé. Mo ní oòrùn ni.

Láti ìgbà yẹn ni Almasa, ọmọ Edhem tí mo bá nídìí iná yẹn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra pita lọ́dọ̀ wa. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló ń jẹ ẹ́. "Bàbá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ó dùn," ó ní. Èmi náà ń lọ síbi tí omi ti ń wọ ojú pákó lẹ́yìn ilé wọn, níbi tó ti máa ń kó ewé kúrò lọ́nà omi kí kẹ̀kẹ́ má bàa há. Mo máa ń bá a kó ewé. Mo kó ewé tó lè bo Sarajevo mọ́lẹ̀. Nígbà tí ewé bá tán, mo máa ń já òmíràn láti orí igi jù sómi nígbà tí kò wò mí, kí iṣẹ́ má bàa parí.

"Mo rí ẹ," ó ní lọ́jọ́ kan.

"Kí lo rí?"

"Ewé tútù ni gbogbo èyí. Ìgbà wo ni ewé tútù ń já fúnra ẹ̀?"

Mo jókòó sórí òkúta. "Almasa, tí n bá rán ẹni wá sílé yín ńkọ́?"

"Rán an wá."

"Kí ni Bàbá máa sọ?"

"Ta ló mọ̀? Bàbá mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń gba owó orí lórí ọ̀rọ̀."

"Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Kí lo máa sọ?"

Ó ń wo ewé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, etí ẹ̀ ti pọ́n. "Màá ní kí ọkùnrin náà máa bọ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n kó fi ẹnu ẹ̀ sílé."

Mo fò délé. Ẹ lè bi àwọn ará abúlé, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń na ìyẹ̀fun, ó ń na án.

"Rifat, ronú," ó ní. "Edhem ò bí ju Almasa lọ. Òun ló ń dáná, òun ló ń gé ẹran, àwọn òṣìṣẹ́ ò gbọ́ ti bàbá ẹ̀, tiẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Tó bá wá sílé wa, kí ló kù fún Edhem? Kẹ̀kẹ́ onígi. Ta ló máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé iná ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń tajà lójú títì kan náà?"

"Á gbà. Kò tíì gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi ni."

"Ìyẹn gan-an lẹ̀rù fi ń bà mí."

Bọ̀dá Avdo, àbúrò ìyá mi, la fi ṣe alárinà. Kò sí ìgbéyàwó kan ládùúgbò wa tí kò lọ́wọ́ sí. Gbogbo èyí tó so ló dúró, tiẹ̀ nìkan ló já. Ó wọ kóòtù, ó fi òróró pa túbọ̀mu ẹ̀, ó kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá ya ẹnu láìjẹ́ pé òun tẹ ẹsẹ̀ mi, òun á fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí kọfí ṣe rí nílé wa. Onílé kì í fi ẹnu lé àlejò, kọfí ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ túmọ̀ sí ẹ káàbọ̀. Ìkejì wà fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí ìkẹta bá ti dé báyìí, ẹ wá bàtà yín, ilé yín ń dúró dè yín. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ bàbá ẹ̀ mọ ìyẹn.

Edhem gbà wá dáadáa. Ó fi wá jókòó sórí tìmùtìmù, ó bèèrè ara Màmá. Almasa gbé kọfí àkọ́kọ́ wọlé, ó wọ aṣọ búlúù, kò wò mí, èmi ló yẹ kí wọ́n yìn nítorí pé n kò fò dìde. Bọ̀dá Avdo sọ̀rọ̀ nípa òjò, ó sọ̀rọ̀ nípa koríko, ó sọ̀rọ̀ nípa igbá àyà tó ń dun ẹnì kan tí a ò mọ̀. Kọfí kejì dé. A mu díẹ̀. Bọ̀dá wá sún síwájú.

"Alàgbà Edhem," ó ní, "ọmọ wa rèé. Ẹnu ẹ̀ gùn, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ náà ò kúrú. Ọmọ yín wù ú, ó ní òun náà ò burú lójú ọmọ yín. A wá gbọ́ tẹnu yín."

Edhem fi ìka méjì nu túbọ̀mu ẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. "Avdo," ó ní, "ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá yìí..."

Ilẹ̀kùn ṣí. Almasa wọlé pẹ̀lú kọfí kẹta.

Ife kejì ò tíì dé ìdajì lọ́wọ́ wa. Almasa da kọfí sínú ife mi, ó dà díẹ̀ sórí ṣòkòtò mi, n kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó gbóná. Mo ń wo Bọ̀dá Avdo. Ojú ẹ̀ ti yí padà bí wàrà tó kan.

Ó gbé ife sílẹ̀. "A ti gbọ́, Alàgbà."

"Kí lẹ gbọ́?" Edhem ní.

"A ti gbọ́." Ó fà mí dìde, a wá bàtà wa, a jáde. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Edhem ń wo àwọn ife tó kún bámúbámú tí a fi sílẹ̀, inú ń bí i gidi, torí níhìn-ín ẹni tó bá fi ife tó kún sílẹ̀ lójú onílé, bí ìgbà tó ní ilé náà dọ̀tí ni.

Báyìí ni ìjà ṣe dé àárín iná méjèèjì. Edhem ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé páálí ni ìyá mi ń ká sínú àwo. Èmi náà tún ohùn mi ṣe. Mo dúró létí títì, mo ń ké pé, "Àgbàdo gbígbóná, pita gbígbóná, àwa kì í lé àlejò." Màmá fi aṣọ ìnuwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Lọ́sàn-án mo ń pariwo, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo rù débi pé Màmá máa ń wá mi títí lẹ́yìn ìgbálẹ̀. Kì í ṣe pé Edhem lé mi ló ń jẹ mí níyà. Almasa fúnra ẹ̀ ló gbé kọfí náà wá. Mo ń bi ara mi pé, ṣé gbogbo ewé tí a jọ kó yẹn, ẹ̀rín ló fi ń rín mi?

Òjò ìgbà ìwọ́wé ń rọ̀ nígbà tí Almasa dé. Oníbàárà kankan ò sí. Ó dúró sábẹ́ páànù wa, omi ń kán létí aṣọ ẹ̀.

"O ò tiẹ̀ wá bèèrè," ó ní.

"Kí ni n bá bèèrè? Kọfí mẹ́ta ni. Ìwọ lo gbé e wá."

"Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Rifat. Bàbá mi kì í sọ pé 'rárá' láìkọ́kọ́ nu túbọ̀mu. Mo rí i láti ojú ihò. Ẹni tí wọ́n bá ń da kọfí fún kì í sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo ní kí n máa dà á lọ, kó má ráàyè sọ ọ́. Mi ò rántí ka iye ẹ̀."

"O ò lè ka mẹ́ta?"

"Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò? Ìwọ tó o ní gbogbo Bosnia ló ń jẹun níwájú ilé yín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo rín in títí mo fi di òpó mú. Òun náà ń rín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ mí lára, ẹ̀rín gé.

"Rárá ló fẹ́ sọ nígbà náà."

"Rárá ni."

"Kí ni mo ṣe fún un?"

"Kò sọ fún mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo ẹrù tí wọ́n fẹ́ jí." Ó fún etí aṣọ ẹ̀. "Àwọn kan ń bọ̀ láti Konjic lẹ́yìn Iléyá, wọ́n fẹ́ fi ọmọ wọn lọ̀ ọ́. Ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù bàtà. Kò mọ iná dá."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní bàtà tí mo ní tó mi."

"Ṣé kí n padà wá bá Bàbá sọ̀rọ̀?"

"Má fi ẹnu wá," ó ní. "Ó ti gbọ́ ẹnu ẹ tó."

Ẹ sọ fún mi, kí ni ẹni bíi tèmi fẹ́ ṣe láìlo ẹnu? Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi rò ó. Òjò dídì bo òkè, ó yọ́, koríko hù, Iléyá dé, mi ò tíì rí i rò.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni gbogbo ènìyàn ń lọ kí ẹbí. Ọkọ̀ tò lójú títì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ lè fi òrùlé wọn rìn dé Mostar. Bẹ́ǹṣì wa ti kún ní àárọ̀. Ni awakọ̀ kan bá dúró, ó ń kùn.

"Edhem ò ta ẹran lónìí. Ilẹ̀ ya lórí òkè, ó dí ojú omi ẹ̀ pa. Kẹ̀kẹ́ ti dúró, ẹran wà lórí iná, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé lọ ṣọdún. Ẹ bá rí bàbá náà, ó ń sáré láti ibi irin kan sí èkejì bí ẹni tí oyin ń lé."

Mo wo Màmá. Màmá ti gbé ọmọrí kúrò lórí àwo. Ó da omi sí iná wa.

"Màmá, lónìí? Ẹ wo bẹ́ǹṣì," mo ní. "Àti pé wọ́n lé wa nílé yẹn."

"Kọfí ló lé ẹ. Èmi ò sí níbẹ̀." Ó yíjú sí àwọn oníbàárà. "Ẹ gbé pita yín dání, ẹ máa tẹ̀ lé wa. A fẹ́ lọ jẹ ẹran sí i."

Báyìí la ṣe rìn lọ létí títì, Màmá níwájú pẹ̀lú epírónì, èmi lẹ́yìn ẹ̀, Bọ̀dá Avdo tó wá kí wa ọdún lẹ́yìn mi, àti ogójì oníbàárà tó ń jẹ pita. Màmá ní mẹ́jọ ni wọ́n. Kò bojú wẹ̀yìn, báwo ló ṣe mọ̀?

Àgùntàn tó wà lórí iná ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Almasa ń fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan yí irin kọ̀ọ̀kan, ìyá ẹ̀ di ọ̀kan mú, ojú Edhem ti dúdú fún èéfín. Ó rí wa. Ó wo Màmá, ó wo Bọ̀dá, ó wò mí. Ó kàn sún àpótí ìjókòó kan sí mi pẹ̀lú ẹsẹ̀.

Mo jókòó tì í, mo di irin mú, mo yí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo yí irin lọ́jọ́ náà. Mo yí i débi pé bí odò Neretva bá gbọ́, ojú á tì í. Ọwọ́ mi bó, mo fi èjìká yí i. Ọkọ̀ ń dúró, Màmá ń gba àlejò, ìyá Almasa ń gé ẹran, Bọ̀dá Avdo ń jẹ ẹ́ wò bóyá ó ti jinná, ó ń jẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò fọhùn. Oòrùn kúrò lórí wa, mi ò fọhùn.

"Ṣé ara ẹ ò yá ni?" Edhem ní nígbẹ̀yìn.

"Ara mi yá, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Ó ń dẹ́rù bà mí."

"Wọ́n ní kí n má fi ẹnu wá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú túbọ̀mu, ó tún mójú le. "Ẹ fi kọfí mi sílẹ̀."

Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ihò ilẹ̀kùn, kọfí tí wọ́n fi dí ọ̀rọ̀ lọ́nà, gbogbo ẹ̀. Almasa ń gbọ́ láti ibi irin kejì, ó ń wo iná bí ẹni pé iná ló ń sọ̀rọ̀. Edhem yíjú sí i. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń wo ibi tí màá dúró sí nínú fọ́tò ìgbéyàwó.

"Ṣùgbọ́n rárá náà ni mo fẹ́ sọ," ó ní. "Òun náà ni mo ṣì fẹ́ sọ."

Irin dúró lọ́wọ́ mi. "Yí i, á jó," ó ní. Mo yí i.

"Wo ibí yìí," ó ní. "Bàbá mi ló gbẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn. Mi ò bí ọkùnrin. Almasa ni ọwọ́ mi ọ̀tún, òun náà ni òsì. Tí o bá mú un lọ sókè ọ̀hún, èmi á máa wo èéfín yín láti ibí, àgùntàn mi á máa jó. Oníṣọ́ọ̀bù bàtà yẹn, ó kéré tán, á máa gbé e wá ní gbogbo àárọ̀. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ á mú un lọ dúró létí títì láti máa bá mi du oníbàárà."

Ohun tó ń fẹ́ wá yé mi. Ó sì wúwo. Níhìn-ín, ọkùnrin tó bá lọ gbé ilé bàbá ìyàwó ẹ̀, ó ti ra ẹlẹ́yà fún ara ẹ̀. Wọ́n á ní òun ló ń fọ abọ́. Wọ́n á ní ó ń tọrọ ààyè kó tó sín. Ọkùnrin kan wà bẹ́ẹ̀ ní abúlé kejì, èmi fúnra mi ni mo dá èyí tó burú jù nínú àwàdà tí wọ́n ń fi í ṣe sílẹ̀, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Àti pé Màmá ò ní ọmọ mìíràn. Mo wo Almasa. Kò bẹ̀ mí, kò ṣẹ́jú sí mi. Ó kàn ń yí irin, òógùn ń ṣàn létí ẹ̀, mo sì rí i pé kò retí pé màá lè ṣe é.

"Màá wá," mo ní.

"Wá síbo?"

"Síbí. Màá wá gbé ọ̀dọ̀ yín."

Edhem ni irin dúró lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí. Ẹ̀yìn wa ni Màmá ti fọhùn. Mi ò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀.

"Ìwọ yóò sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àgbàdo?"

"Màmá, mo..."

"Pa ẹnu ẹ dé. O wuyì jù nígbà tó o pa á dé." Ó nu ọwọ́ sí epírónì, ó dojú kọ Edhem. "Èmi ò lè wá máa sùn nílé ẹnikẹ́ni. Mo ní ilé. Ṣùgbọ́n ọmọrí irin mi lè rìn. Mo fẹ́ igun yẹn, níbi tí ọkọ̀ ti ń yà wọlé. Iná tèmi lọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá a. Lálẹ́ màá lọ sùn sílé mi. Kí pátákó tó wà lójú títì gba orúkọ méjèèjì, tèmi kọ́kọ́."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ tìẹ ló máa kọ́kọ́?"

"Ìwọ náà ti gba ọmọkùnrin. Kí lo tún fẹ́?"

Edhem wò ó lókè nílẹ̀. "Hajrija, ṣé ọmọ mi lo wá tọrọ ni, àbí ilé mi lo wá gbà?"

"Méjèèjì," Màmá ní.

Bàbá náà gbé ìka méjì sókè láti nu túbọ̀mu. Almasa dìde dúró. Ìka náà dúró lójú ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀. "Igun yẹn máa ń gba atẹ́gùn," ó ní. "A ó kọ́kọ́ kan pákó dí i."

Bọ̀dá Avdo ní òun ló so ó. Ẹran ló wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Ìgbà tí àjàrà pọ́n ni lèmọ́mù so yìgì wa. Ìyàwó ló máa ń ti ilé tiẹ̀ lọ sílé ọkọ, ọkọ̀ á tò tẹ̀ lé e, fèrè á máa dún. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n gbé lọ. Bọ̀dá ló wa ọkọ̀. Ilé Edhem ò jìnnà, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n gbé mi gba inú ihò abẹ́ òkè lọ, kí wọ́n tún gbé mi padà, kí fèrè lè dún dáadáa. Ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ló tẹ̀ lé wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù funfun, wọ́n ń ké sí mi pé, "Ìyàwó, má sunkún. Ìyàwó, ìyá ọkọ ẹ dára." Mo ń juwọ́ sí wọn bí ọba.

Almasa dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun. Níhìn-ín, tí ìyàwó bá fẹ́ wọlé ọkọ, wọ́n á ki búrẹ́dì sí abíyá ẹ̀ méjèèjì, kí oúnjẹ má bàa wọ́n nínú ilé náà. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná méjì, ó ní, "Gbé apá sókè."

"Almasa, gbogbo ayé ń wò."

"Kí wọ́n wò ó dáadáa."

Mo gbé apá sókè. Mo wọlé Edhem bí adìyẹ tí wọ́n di ní apá, gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín débi pé ẹyẹ fò kúrò lórí odò. Ẹ sì gbà á lẹ́nu mi, kò sí ìyàwó kankan láti Konjic dé Mostar tí búrẹ́dì yẹ lábíyá tó bẹ́ẹ̀ rí.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni ọkọ̀ àjàgbé kan fọn fèrè, ó yà wọlé. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó rí kẹ̀kẹ́ tó ń yí, ó rí iná Màmá ní igun, ó rò pé a ń tajà. Kò sẹ́ni tó dìde. Almasa ló ká etí aṣọ funfun ẹ̀ sókè, ó yọ búrẹ́dì kan lábíyá mi, ó là á, ó gé ẹran sínú ẹ̀, ó gé pita lé e, ó gbé e fún ọkùnrin náà, ó ní kò ní san nǹkan kan.

Awakọ̀ náà wo gbogbo wa, ẹnu ẹ̀ kún. Ó bi Edhem, tó wà nítòsí ẹ̀ jù, pé, "Bàbá, ta ló ń ṣègbéyàwó?"

Mo ti fa èémí sínú. Mo ti ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, bí mo ṣe jẹ́, ibi tí ohùn mi ń dé, ẹni tí ìyá mi jẹ́. Edhem ṣáájú mi.

"Ọmọ mi ọkùnrin ni," ó ní.

Ẹnu mi là sílẹ̀. Nǹkan kan ò jáde.